Ìwé Òmìnira àti Ohun Tí Kò Sọ

Àwa tí a fi ìwádìí lítíréṣọ̀ ṣe iṣẹ́ máa ń wá ọ̀rọ̀ lọ sínú ewì, ìtàn àròsọ àti eré-oníṣe. Ó ṣọ̀wọ́n kí a ka ìwé-ẹ̀rí tí aránṣọ gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún ohun tí ó yẹ fún lámèyítọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹnì kan ni ó kọ ọ́, ẹnì kan ni a sì ń retí pé kí ó kà á. Mo fẹ́ yẹ ìwé òmìnira tí ọ̀gá máa ń fún ọmọṣẹ́ wò nínú àròkọ yìí gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ àkọsílẹ̀ yòówù wò, kí n sì béèrè ìdí tí ìwé tí ó níyì tó báyìí ní Ìlọrin fi ń yadi bí ó bá ti kọjá ẹnu ibodè.

Ẹni tí ó bá rìn yí Ọjà Tuntun ká yóò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ àti onídìrí. Wọ́n ya òdòdó sí etí rẹ̀. Àwòrán ẹni tí ó gbà á wà lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ àti ọwọ́ tí ọ̀gá fi sí i wà nísàlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Ohun tí ó ń sọ kò ju mẹ́ta lọ: pé lágbájá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá báyìí, pé ó lo iye ọdún báyìí, pé ó fi òtítọ́ inú sìn. Ìyìn ìwà ni èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan tí ó sọ bóyá ọmọ náà lè gé agbádá láìba aṣọ jẹ́, bóyá ó lè rán léèsì tí kò ní tú, tàbí bóyá ó lè tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe bí ó bá dẹnu kọlẹ̀.

Kí a má tètè dá ọ̀gá lẹ́bi. Ìwé náà kì í dá dúró. Lọ́jọ́ òmìnira, òbí, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ àti oníbàárà a pé jọ. Ọmọṣẹ́ a kúnlẹ̀. Ọ̀gá a gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, a wúre fún un. Áfáà tàbí pásítọ̀ a gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó pé jọ ni ó ti wọ aṣọ tí ọmọ náà rán. Àwọn gan-an ni ẹ̀rí. Àmì ìrántí lásán ni bébà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú lítíréṣọ̀ alohùn, àwùjọ ni ó ń parí ìtumọ̀. Bí a bá mú àwùjọ náà kúrò, ohun tí ó kù kò tó ìdajì ọ̀rọ̀.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wa kì í dúró sójú kan. Kí ìjọba Ghana tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ní 2003, wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn lórí títẹ́wọ́ gba ìwé-ẹ̀rí ara wọn. Ẹsẹ̀ rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tíì rí ẹlẹ́rìí. Àdéhùn kò lè fún ìwé tí kò sọ nǹkan ní ohùn. Aránṣọ tí ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin lè dé Kútọnu kí wọ́n kà á mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, kí owó rẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ayẹyẹ kan náà ni a ń ṣe níhà méjèèjì. "Freedom" ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. "Libération" ni wọ́n ń pè é ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Òmìnira ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àṣà kan ni, èdè òyìnbó méjì ni ó là á sí méjì.

Ìlọrin fúnra rẹ̀ ní àpẹẹrẹ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àṣẹ ìkọ́ni tí àwọn áfáà ń pè ní ìjásà máa ń dárúkọ ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kà, ó sì máa ń to orúkọ olùkọ́ àti olùkọ́ olùkọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Onímọ̀ tí kò dé Ìlọrin rí lè kà á kí ó sì mọ ohun tí ẹni náà mọ̀. Ìwé òmìnira ń ka ọdún. Ìjásà ń ka ìmọ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn nìyẹn.

Ìjọba kò kúkú sùn. Ní 2013, a fọwọ́ sí ìlànà àjọ NBTE tí ó pín ìmọ̀ iṣẹ́ sí ìpele mẹ́fà, tí ó sì ń béèrè ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe. Ní Benin, ìdánwò CQM wà fún àwọn ọmọṣẹ́. Ní Yúróòpù, láti 2005 ni Europass ti ń fi àlàyé ohun tí ẹni tó ni ín lè ṣe kún ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni. Àléébù tí mo rí sí tiwa ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìlànà náà, nígbà tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá Ọjà Tuntun fi ń kọ́ni. Inú Yorùbá ni ìmọ̀ náà wà. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n to ohun tí ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe kí ó tó gba òmìnira, kí a tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé náà, kí a wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ Yorùbá náà ni. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní 1990, fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó péye. Kí ni ó dé tí iṣẹ́ ọwọ́ kò fi ní jẹ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé ọwọ́ oníṣẹ́ ni ẹ̀rí rẹ̀: ẹ fún un láṣọ, kí ó gé e. Òótọ́ ni, ní ibi tí a bá ti mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò gbé léèsì olówó ńlá fún àjèjì kí ó fi dánra wò? Àwọn àgbà ní, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin." Ọ̀gá rí erin. Fìrí ni ìwé tí ó kọ ṣì ń sọ.