Orúkọ àti Àdéhùn nínú 2010: Odyssey Two ti Arthur C. Clarke

Ìtàn àròsọ Arthur C. Clarke, 2010: Odyssey Two, tí ó jáde ní 1982, dá lé ìrìn-àjò tí àwọn ará Rọ́ṣíà àti ará Amẹ́ríkà jọ rìn lọ sí Júpítà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Òǹkàwé tí ó bá kà á bí ìtàn ọ̀rẹ́ méjì ti ṣi ìwé náà kà. Discovery, ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ti di òfìfo lẹ́bàá Júpítà. Leonov, ọkọ̀ Rọ́ṣíà, ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó mọ bí a ti í jí HAL, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ kò ní ìmọ̀. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ kò ní ọkọ̀. Àìní ni Clarke fi ṣe ìpìlẹ̀ àdéhùn náà, ó sì tọ̀nà. Nígbà tí Apollo àti Soyuz pàdé lójú òfuurufú ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, 1975, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ méjèèjì kò bára mu. Yàrá kan ni wọ́n ní láti fi sáàárín wọn kí ẹnikẹ́ni tó lè kọjá lọ bọ ẹnì kejì lọ́wọ́.

Ibi tí ìwé náà kù sí ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Kí àwọn méjì lè rẹ́, Clarke di gbogbo ìdíje ru ẹnì kẹta: ọkọ̀ Tsien sáré ya Leonov sílẹ̀, ó balẹ̀ sórí Europa, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, láti fa omi tí yóò lò, ẹ̀dá abàmì kan sì fọ́ ọ túútúú níbẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ọkọ̀ yìí kì í ṣe lásán. Tsien Hsue-shen, tí a tún ń kọ ní Qian Xuesen, kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ṣiṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Ìjọba ibẹ̀ mú un ní 1950, kò sì jẹ́ kí ó lọ títí di 1955, tí ó padà sí Ṣáínà láti di aṣáájú iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Nínú ìtàn náà, Chang, ẹnì kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ Tsien, ni ó fi rédíò ara aṣọ rẹ̀ ròyìn fún àwọn abánidíje rẹ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí wà lórí Europa, láìmọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Ẹni tí kò bá wọn tọwọ́ bọ̀wé rárá ni ó fún wọn ní ìmọ̀ tí ó ṣe iyebíye bẹ́ẹ̀, láìgba ohunkóhun.

Clarke fi ìwé náà yẹ́ ará Rọ́ṣíà méjì sí: Alexei Leonov, ọ̀gá ọkọ̀ Soyuz ní 1975, àti Andrei Sakharov, onímọ̀ físíìsì tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì lé lọ sí Gorky ní 1980. Ẹni tí ìjọba gbé gẹ̀gẹ̀ àti ẹni tí ó lé sígbèkùn wá dúró pọ̀ níbẹ̀. Ó tún fi orúkọ àwọn alátakò ìjọba náà sọ àwọn awakọ̀ Leonov: Orlov, Brailovsky, Kovalev, Marchenko. Yuri Orlov gidi, onímọ̀ físíìsì, wà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní 1982, nígbà tí olórúkọ rẹ̀ ń yí Júpítà po. Clarke kò sọ èyí fún òǹkàwé nínú ìtàn náà. Fíìmù tí Peter Hyams ṣe ní 1984 kò tilẹ̀ bìkítà. Ariwo ogun ni ó fi kún un, ó sì sọ Orlova, ọ̀gá ọkọ̀, di Kirbuk.

Ní ọdún kan náà, ìwé ìròyìn Tekhnika Molodyozhi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn náà ní Mọ́sìkò. Lẹ́yìn ìpín méjì, àwọn aláṣẹ dá àwọn orúkọ náà mọ̀, wọ́n sì dá a dúró. Clarke wà ní Siri Láńkà ní tirẹ̀. Vasily Zakharchenko, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.