Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Àríwísí lórí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ìyànà láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì bíi 'divert', 'detour', 'deviate', 'swerve' àti 'bypass' sí Yorùbá nínú kíláàsì. Èrò wa ni pé fífi 'yípadà' nìkan túmọ̀ gbogbo wọn ń pa òye akẹ́kọ̀ọ́ lára. A fi hàn pé Yorùbá ní ìlànà tirẹ̀, èyí tí ó dá lórí ẹ̀yà ara arìnrìn-àjò àti lórí àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí ó bá ń ti Tanke lọ sí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí títì bá dí, yóò yà, yóò gba àdúgbò mìíràn, yóò sì tún bọ́ sójú títì níwájú. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe títì ló dí i, pátákó tí wọ́n sábà máa ń rì síbẹ̀ kì í ní ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ: 'Diversion'. Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀, ìdáhùn tí ó máa ń yá wọn lẹ́nu ni 'ìyípadà'. Ìdáhùn yìí kò sọ fún awakọ̀ bóyá kí ó padà sílé ni, tàbí kí ó gba ibòmíràn dé ibi tí ó ń lọ. Ohun tí ó sì yẹ kí pátákó náà sọ gan-an nìyẹn.

2.0 Àwọn Ìwé Atúmọ̀-Èdè

Láti ìgbà tí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 ni a ti ní ìwé tí ó ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì síwájú ara wọn. Ìwé atúmọ̀-èdè ti ìjọ C.M.S. (1913) ní apá Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti apá Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ti Abraham (1958) kún fún àpẹẹrẹ gbólóhùn, ṣùgbọ́n láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lọ. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò lè bá a wọ inú Abraham, níbi tí àpẹẹrẹ pọ̀ sí. A kò fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àwọn aṣáájú wa. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a to ọ̀rọ̀ síwájú ọ̀rọ̀ kò tó láti fi ipò tí a ti ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn. Olùkọ́ ni ó yẹ kí ó dí àlàfo yìí.

3.0 Ìtúpalẹ̀

3.1 Ẹ̀yà Ara Arìnrìn-àjò

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1a) Adé yà sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ sọ́jà.
(1b) Adé ṣẹ́rí padà nígbà tí òjò ṣú.
(1c) Ọlọ́pàá darí àwọn ọkọ̀ gba Sango.
(1d) Awakọ̀ yà bàrá kí ó lè yẹra fún màlúù.
(1e) Adé pẹ̀yìndà sí ẹgbẹ́ wa.

Bí a bá fi 'yípadà' rọ́pò ọ̀rọ̀-ìṣe inú wọn, ìtumọ̀ yóò wọ́. Ní (1a), Adé kò pa ọjà tì. Ní (1b), kò dé ibi tí ó ń lọ. Ní (1c), ẹlòmíràn ni ó fa ìyànà. Ní (1d), 'bàrá' ni ó fi hàn pé òjijì ni. Ní (1e), kò sí ọ̀nà kankan tí ẹsẹ̀ ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ni.

Ẹ tún wo ìhun wọn: 'ṣẹ́' àti 'orí' ni ó di 'ṣẹ́rí', 'dà' àti 'orí' ni ó di 'darí', 'pa', 'ẹ̀yìn' àti 'dà' ni ó di 'pẹ̀yìndà', 'yẹ̀' àti 'ara' ni ó di 'yẹra'. Ohùn ìsàlẹ̀ 'dà' àti 'yẹ̀' di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀, bí gírámà wa ti là á kalẹ̀. Orí, ẹ̀yìn àti ara ni Yorùbá ń wò. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ a máa wo ọ̀nà: 'via' tí ó wà nínú 'deviate', ọ̀nà ni ó túmọ̀ sí ní èdè Látìnì.

3.2 Àkànpọ̀ Ọ̀rọ̀-Ìṣe

(2a) Wọ́n yà gba ẹ̀yìn ọjà lọ sí Taiwo.
(2b) Àwọn ọkọ̀ ńlá gba ẹ̀yìn ìlú kọjá.

(2a) ni 'detour', (2b) ni 'bypass'. Talmy (1985) pín àwọn èdè sí èyí tí ó ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe gbé ipa ọ̀nà àti èyí tí ó ń fi wúnrẹ̀n ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe gbé e. Àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tí Bámgbóṣé (1974) ṣàlàyé kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìpín méjèèjì mu, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan nínú (2a) ni ó gbé ìpele ìrìn kan: ìyànà, ọ̀nà tí a gbà, ìlọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún 'detour' kò ní rí i, yóò sì rò pé èdè wa tòṣì. Èdè kò tòṣì. Ìbéèrè ni kò tọ̀nà.

3.3 Nígbà tí Owó bá Yà

Gẹ̀ẹ́sì a máa lo 'divert' fún owó ìlú. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'yí owó padà' lè mú kí olùgbọ́ rántí náírà tí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà ní 2022. Ẹni tí ó bá sọ pé 'wọ́n kó owó jẹ' ti fi ẹ̀sùn olè kan ẹni tí ó lè jẹ́ pé owó ilé-ìwé ni ó fi gbẹ́ kànga. 'Wọ́n fi owó iṣẹ́ kan ṣe iṣẹ́ mìíràn' kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. 'Wọ́n darí owó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú' sọ pé ohun tí kò tọ́ ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Orúkọ ọmọlúàbí lè bàjẹ́ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo.

3.4 'Branch' nínú Gẹ̀ẹ́sì Akẹ́kọ̀ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ pé 'I branched at my friend's house'. Olùkọ́ a fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó tán. 'Yà' inú (1a) ni ó wà lẹ́yìn gbólóhùn yìí. Lóòótọ́, kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà, nítorí náà a kò lè sọ pé 'yà' nìkan ni orísun rẹ̀. Síbẹ̀, ó dájú pé 'yà' ń gbè é lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Kí olùkọ́ kọ (1a) sójú pátákó, kí ó sì fi hàn pé 'stopped at' tàbí 'called at' ni Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò ń lò níbẹ̀. Ọmọ náà yóò mọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ ti wá, kò sì ní tijú èdè ìyá rẹ̀.

4.0 Àbá fún Olùkọ́

Kí a tó túmọ̀ irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó fa ìyànà náà? Ṣé arìnrìn-àjò yóò ṣì dé ibi tí ó ń lọ? Ṣé òjijì ni àbí ìpinnu? Bí a bá dáhùn wọn lórí pátákó ojú títì, a ó rí i pé 'Ẹ yà gba ibí' ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ní Ìlọrin, ọmọ tí ń sọ Nupe, Baatonu, Fulani tàbí Hausa nílé wà nínú kíláàsì kan náà. Kí a ní kí àwọn náà mú ti èdè wọn wá fún àfiwé.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé 'yípadà' kò lè dá ru ẹrù gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ìyànà. Yorùbá ní 'yà', 'ṣẹ́rí', 'darí', 'yẹra' àti 'pẹ̀yìndà', ó sì ní àkànpọ̀ tí ó ń to ìrìn ní ìpele-ìpele. Ojúṣe olùkọ́ ni láti fi ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ han akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí a kò bá kọ́ ní ìyàtọ̀ láàárín kí a yà àti kí a ṣẹ́rí, ibi tí ó ti yẹ kí ó yà ni yóò ti padà sílé.