Àṣàrò àti Ìwà Pẹ̀lẹ́ nínú Ìtàn Ìwà, Aya Ọ̀rúnmìlà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ òwe náà pé sùúrù ni baba ìwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọn tí ń múra ìdánwò ni ó mọ̀ pé ẹsẹ Ifá kan sọ òwe yìí di ìtàn: Sùúrù bí Ìwà, Ọ̀rúnmìlà sì fi Ìwà ṣe aya. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé ìtàn náà nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìwà pẹ̀lẹ́, èyí tí ó jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1975.

Ẹ̀dà méjì ni ó yẹ kí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀kan, Ìwà rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ àti ọ̀bùn ni; Ọ̀rúnmìlà kò lè fara dà á mọ́, ó sì lé e lọ. Nínú èkejì, a ti kìlọ̀ fún Ọ̀rúnmìlà kí ó má fi ìyà jẹ ẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó pẹ́, kò sí ohun tí Ìwà ṣe tí ọkọ rẹ̀ kò rí àléébù sí, títí obìnrin náà fi padà sí ọ̀run.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn pé ìtàn yìí ń kọ́ obìnrin ní ìmọ́tótó kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Aya ni ó jẹ̀bi nínú ẹ̀dà kan, ọkọ ni ó jẹ̀bi nínú èkejì, Ọ̀rúnmìlà ni ó sì pàdánù nínú méjèèjì. Nítorí náà, kì í ṣe àléébù ẹnì kejì ni Ifá ń wọ̀n, bí kò ṣe ọwọ́ tí a fi mú ẹni náà.

Ní ti ọnà-èdè, ìfohunpènìyàn ni ó gbé ìtàn náà ró. Ìfọ̀rọ̀dárà tún wà nínú orúkọ Ìwà fúnra rẹ̀, nítorí láti inú "wà" ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀: ẹni tí ó lé Ìwà lọ ti lé wíwà ara rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí owó àti iyì Ọ̀rúnmìlà fi bẹ̀rẹ̀ sí dínkù.

Lójú tèmi, ìparí ni kókó. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kún fún ariwo: Ọ̀rúnmìlà gbé ẹ̀kú wọ̀, ó ń kọrin láti ilé awo kan dé èkejì. Ẹ̀dà kejì parí sí ìdákẹ́jẹ́: Ìwà kọ̀ láti padà, ṣùgbọ́n ó ní òun yóò máa bá a gbé láìjẹ́ pé ó tún fi ojú rí òun. Ohun tí ojú kò lè rí, níbo ni a ó ti wá a? Inú ni, àṣàrò ni a sì fi ń wá a. Bí Ọ̀rúnmìlà bá ti jókòó ro ọ̀rọ̀ náà kí ó tó sọ̀rọ̀, ì bá má sí ìwákiri. Ìtàn náà kò sọ èyí gbangba. Ó fi í sílẹ̀ fún wa láti rò.

Àwa tí a ń kọ́ni ní Òkè-Ògùn ní àpẹẹrẹ nítòsí. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì, bí òwú bá já, ahunṣọ kì í fà á tipátipá. Yóò dúró, yóò wo ibi tí ó ti já, yóò ta á ní kókó, kí ọ̀kọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ síwá sẹ́yìn. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni àṣàrò. Ó yẹ kí olùkọ́ náà dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ṣi ìdáhùn, kí ó tó bú u tàbí kí ó tó gbé ẹgba. Nítorí ọmọ tí a fi ìbínú lé kúrò nídìí ìwé lè má padà mọ́.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀dà méjèèjì wé ara wọn, kí ó tọ́ka sí ọnà-èdè, kí ó sì fi hàn pé ẹ̀sọ̀ kì í ṣe àbímọ́: à ń fi sùúrù kọ́ ọ ni.