Ẹnu Oníkàn: Jọ́nà Ìmọ̀ Olólùfẹ́ àti Ẹni Tí A Gbà Lẹ́lẹ́rìí

Ìfáàrà

Bí àwọn onímọ̀ bá dá jọ́nà sílẹ̀, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni ibi tuntun tí àpilẹ̀kọ yóò ti máa jáde. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni ìpinnu tí ó wà nídìí rẹ̀: ta ni a ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lórí kókó náà, irú ẹ̀rí wo ni ó lè mú wá, èdè wo ni yóò sì fi jẹ́ ẹ? Ìpinnu yìí wúwo gan-an nínú ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń wo àwọn olólùfẹ́, ìyẹn àwọn tí ìfẹ́ wọn sí ìwé, sinimá, orin tàbí eré orí tẹlifíṣọ̀n kan kọjá kí ènìyàn wò ó kí ó sì gbàgbé. Wọ́n ń jíròrò rẹ̀, wọ́n ń kọ ìtàn mìíràn lé e lórí, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ di ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ní ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ẹ̀ka ìmọ̀ tí kò bá fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ láàyè láti sọ̀rọ̀ yóò máa rojọ́ wọn lẹ́yìn wọn ni.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìdásílẹ̀ jọ́nà kan wò: Transformative Works and Cultures, tí ìtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé jọ́nà náà ṣe ohun tí ó tọ́ nígbà tí ó gba olólùfẹ́ lẹ́lẹ́rìí nípa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n olólùfẹ́ tí ó ní lọ́kàn kò tó olólùfẹ́ tí ó wà láyé. Ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1929 yóò ràn wá lọ́wọ́ láti rí ibi tí àlàfo náà wà.

Ohun tí ó bí jọ́nà náà

Ní 1992, ìwé méjì jáde ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìpìlẹ̀ ẹ̀ka yìí: Textual Poachers láti ọwọ́ Henry Jenkins àti Enterprising Women láti ọwọ́ Camille Bacon-Smith. Àwọn méjèèjì wo àwọn olólùfẹ́ eré bíi Star Trek, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, tí wọ́n ń kọ ìtàn tiwọn nípa àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú eré náà, tí wọ́n sì ń pín in láàrin ara wọn. Lẹ́yìn èyí, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìmọ̀ náà pọ̀ sí i láìní ilé tirẹ̀. Onímọ̀ sinimá ń tẹ tirẹ̀ jáde nínú jọ́nà sinimá, onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú ti lítíréṣọ̀, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá nínú ti ìbágbépọ̀ ẹ̀dá. Jọ́nà Participations, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, fún wọn láyè díẹ̀, ṣùgbọ́n òǹwòran àti òǹkàwé lápapọ̀ ni ó wà fún. Ènìyàn méjì lè máa kọ̀wé lórí ohun kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀kan má mọ̀ pé èkejì wà.

Ohun tí ó sún ọ̀ràn náà síwájú kò ti yunifásítì wá. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ FanLib fẹ́ kó àwọn ìtàn tí olólùfẹ́ ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́ jọ sí ibùdó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi wọ́n pa owó. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bínú sí i. Wọ́n rí i pé bí àwọn kò bá kọ́ ilé tiwọn, ẹlòmíràn ni yóò di olówó iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Láti inú àríyànjiyàn náà ni ẹgbẹ́ Organization for Transformative Works ti dìde lọ́dún kan náà, tí òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ Naomi Novik sì wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ni ó dá Archive of Our Own sílẹ̀, ilé àkójọ ìtàn tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo ní 2019. Òun náà ni ó ni jọ́nà yìí, tí Kristina Busse àti Karen Hellekson jẹ́ olóòtú àkọ́kọ́ rẹ̀. Nítorí náà, agboolé àwọn olólùfẹ́ ni wọ́n bí jọ́nà náà sí, kí ó tó jáde lọ bá àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé.

Olólùfẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Ìpinnu mẹ́ta tí àwọn olóòtú ṣe fi ìran tí jọ́nà náà ti wá hàn. Èkíní ni pé ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀, òǹkọ̀wé pẹ̀lú kì í san owó kí a tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Journal of Fandom Studies, tí ilé ìtẹ̀wé Intellect dá sílẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gba ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀, níbi tí ilé-ìkàwé ti ń sanwó kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè kà á. Olólùfẹ́ tí a kọ̀wé nípa rẹ̀ lè má ní ilé-ìkàwé yunifásítì lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá rí ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ kà, kò ní lè já a nírọ́.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe pín jọ́nà náà. Àpilẹ̀kọ tí ó dá lórí tíọ́rì àti èyí tí ó dá lórí ìṣe ń kọjá lábẹ́ ojú àwọn ojúgbà. Ṣùgbọ́n ìpín kan wà tí wọ́n ń pè ní Symposium, fún àròkọ kúkúrú tí olóòtú fúnra rẹ̀ ń yẹ̀ wò, tí olólùfẹ́ tí kò ní oyè ìjìnlẹ̀ kankan lè kọ. Ojú ewé jọ́nà kan náà ni ọ̀mọ̀wé àti olólùfẹ́ ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ń kọ̀wé lábẹ́ orúkọ ìnagijẹ, nítorí wọn kò fẹ́ kí ọ̀gá iṣẹ́ tàbí ará ilé mọ̀. Jọ́nà náà gba àwọn òǹkọ̀wé níyànjú gidigidi pé kí wọ́n tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ olólùfẹ́ kí wọ́n tó tọ́ka sí ohun tí ó kọ sí ojú ewé tirẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ohun tí a bá ti gbé síta ti di ti gbogbo ayé. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pàápàá bí ohun tí olólùfẹ́ náà kọ bá jẹ́ èébú sí ẹ̀yà mìíràn, nítorí kò ní yọ̀ǹda kí a fi ẹnu ara rẹ̀ dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìyànjú ni ó jẹ́, kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yí padà, ó sì rán onímọ̀ létí pé ènìyàn ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí ó ń kó jọ.

Ìdásílẹ̀ náà ní gbèsè tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó ni ó ń ṣe iṣẹ́ jọ́nà náà. Ó bá ìwà àwọn olólùfẹ́ mu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó oṣù níbòmíràn ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ rọ̀ lọ́rùn jù. Ẹni tí kò ní in, bí ó ti wù kí ìmọ̀ rẹ̀ jìn tó, kò ní í pẹ́ rẹ̀ ẹ́.

Ta ni olólùfẹ́ náà?

Orúkọ tí ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe agbawèrèmẹ́sìn wá. Àbùkù wà lára rẹ̀ láti ilẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ àwọn onímọ̀ fi jẹ́ ìgbèjà: wọ́n ní láti fi hàn pé orí àwọn ènìyàn wọ̀nyí pé. Orúkọ jọ́nà pàápàá jẹ́ ìgbèjà. Ní 1994, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ àwọn olórin 2 Live Crew, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí iṣẹ́ tuntun bá ṣe sọ iṣẹ́ àtijọ́ di ohun mìíràn tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lè rí ojúrere òfin tó. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ «transformative» ti di asà fún ẹni tí ó bá kọ ìtàn lórí ìtàn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ṣí jọ́nà náà ń wọ inú àwíjàre kan tí àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú.

Yorùbá kò jogún ìjà yìí. Bí òṣèré tàbí olórin bá dúró níwájú èrò tí ó ní «ẹ̀yin olólùfẹ́ mi», kò bú ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ́ ọ̀hún sì jẹ́ ohun tí a ń ṣe níta gbangba. Onímọ̀ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ yìí ronú lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì dé, nítorí kò ní lo ìdajì àpilẹ̀kọ rẹ̀ láti tọrọ ìdáríjì fún àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni àlàfo kejì, inú jọ́nà náà gan-an ni ó sì ti jáde. Ní 2011, Robin Anne Reid àti Sarah Gatson ṣe olóòtú ìtẹ̀jáde àkànṣe lórí ẹ̀yà àti àwọ̀ láàrin àwọn olólùfẹ́. Ní 2015, Rebecca Wanzo kọ àpilẹ̀kọ níbẹ̀ tí ó fi hàn pé ìtàn ìran tí ẹ̀ka náà ń sọ nípa ara rẹ̀ yọ àwọn onímọ̀ tí ó ti kọ̀wé nípa àwọn olólùfẹ́ Aláwọ̀dúdú sílẹ̀. Kò fi mọ sí pé kí a fi orúkọ wọn kún un. Bí wọ́n bá wọlé, àwọn kan lára ohun tí ẹ̀ka náà gbà gbọ́ yóò mì. Wọ́n máa ń sọ pé olólùfẹ́ ni ẹni tí ó fúnra rẹ̀ yàn láti yàtọ̀ sí àwùjọ, ṣùgbọ́n Aláwọ̀dúdú ní Amẹ́ríkà kò yan bí àwùjọ ṣe yà á sọ́tọ̀. Ní 2019, Abigail De Kosnik àti andré carrington tún ṣe ìtẹ̀jáde àkànṣe mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó yẹ kí a yin jọ́nà tí ó gbà kí a bá a wí nínú ilé ara rẹ̀. Síbẹ̀, ìtẹ̀jáde àkànṣe ní ewu tirẹ̀. Àlejò ni a máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún. Onílé ń wọlé, ó ń jáde, kò sí ẹni tí ń ka ọjọ́ fún un. Ìgbà tí àpilẹ̀kọ nípa olólùfẹ́ Aláwọ̀dúdú bá wà nínú ìtẹ̀jáde tí kò ní àkọlé pàtàkì kankan, tí ojúgbà sì yẹ̀ ẹ́ wò láìbéèrè pé kí òǹkọ̀wé ṣàlàyé ìdí tí ó fi yan àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ni ilé náà tó di ti gbogbo wọn.

Èkó, 1929

Ní 1928, Isaac Babalọlá Thomas dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀. Láàrin 1929 àti 1930, ó ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú rẹ̀, tí ó dà bí ẹni pé obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí ó ti gbé ayé aṣẹ́wó tí àìsàn sì ti dá dùbúlẹ̀, ni ó ń kọ wọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ni òǹkọ̀wé. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2012, pe ìtàn yìí ní ìtàn-àròsọ ọlọ́rọ̀-geere àkọ́kọ́ ní Yorùbá, ó sì kó àwọn lẹ́tà tí òǹkàwé kọ sí ìwé ìròyìn náà nípa Sẹ̀gilọlá mọ́ ọn.

Ó yẹ kí onímọ̀ olólùfẹ́ fara balẹ̀ níbí. Àwọn òǹkàwé Èkó ń tẹ̀lé ìtàn kan lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọ́n ń dá ẹ̀dá-ìtàn lóhùn, ìwé ìròyìn tí ó gbé ìtàn náà sì ń gbé ìdáhùn wọn. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí Star Trek tó dé. Ó tún mú ìbéèrè wá tí ìlànà jọ́nà náà kò pèsè fún. Bí olóòtú bá lè kọ lẹ́tà lórúkọ Sẹ̀gilọlá, kí ni yóò mú un dá wa lójú pé òǹkàwé ni ó kọ gbogbo lẹ́tà òǹkàwé? Àṣẹ ta ni a ó tọrọ? Níhìn-ín, ìnagijẹ kì í ṣe aṣọ tí olólùfẹ́ fi bo ara rẹ̀ nìkan. Ó jẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé jọ ń fi ṣeré.

Àpẹẹrẹ kejì kan owó. Ní 2009, Hellekson kọ̀wé pé ẹ̀bùn ni ó so àwọn olólùfẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀: wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn ta ara wọn lọ́rẹ, owó kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Nínú ìwé Jùjú tí ó jáde ní 1990, Christopher Waterman ṣàpèjúwe òde àríyá tí olólùfẹ́ ti ń lẹ owó mọ́ iwájú orí olórin, tí olórin sì ń kì í lójú gbogbo èrò. Owó kò ba ìfẹ́ jẹ́ níbẹ̀. Òun ni olólùfẹ́ fi ń wọ inú orin, nítorí orúkọ rẹ̀ di apá kan ohun tí wọ́n ń kọ. Tíọ́rì tí ó ní owó jẹ́ ọ̀tá ìfẹ́ kò ní mọ ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú ọkùnrin tí ó ń náwó lójú agbo yìí.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí èyí tí ó sọ ìdásílẹ̀ 2008 di asán. Ọ̀nà tí ó là ni àwọn tí ó bá a wí gbà wọlé. Ohun tí ó kù ni pé inú jọ́nà tí ó wà fún Áfíríkà ni àwọn onímọ̀ ti sábà máa ń ka Barber àti Waterman, wọ́n sì ń ka Jenkins àti Hellekson nínú ti olólùfẹ́. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà láìgbọ́ ohùn ara wọn, bí ó ti rí kí 2008 tó dé.

Onímọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá, ní Ìbàdàn tàbí ní ìlú òkèèrè, ni ó lè so wọ́n pọ̀. Kò pọn dandan kí ó dá jọ́nà mìíràn sílẹ̀. Ó lè mú Sẹ̀gilọlá lọ sí jọ́nà tí ó ti wà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà «olólùfẹ́» sílẹ̀ láìtúmọ̀ rẹ̀, kí ojúgbà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdí wà láti yára. Àwọn lẹ́tà 1929 wà títí di òní nítorí pé bébà ni wọ́n tẹ̀ wọ́n sí, tí ẹnìkan sì tọ́jú bébà náà. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ sinimá Yorùbá ń kọ lónìí láti London àti Houston, lábẹ́ fíìmù tí wọ́n wò lórí fóònù, lè parẹ́ lọ́jọ́ tí ẹni tí ó gbé fíìmù náà síbẹ̀ bá mú un kúrò. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbà wọ́n lẹ́lẹ́rìí kí ọjọ́ náà tó dé, kò sí àṣẹ tí a ó tún rí ẹni tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́.