Ẹ̀kú àti Ẹni tí ó Gbé e: Ìpààrọ̀ Orúkọ àti Òṣèré nínú Eré Apanilẹ́rìn-ín orí Tẹlifíṣọ̀n

Ó wọ́pọ̀ kí eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n pààrọ̀ orúkọ tàbí òṣèré, kí òmíràn sì gba ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ọgbọ́n ìṣòwò lásán. Ìbéèrè tí ó kan lámèyítọ́ ni pé: kí ni ó kù tí òǹwòran fi ń dá eré náà mọ̀?

Ara òṣèré ni ó kù nínú ti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá. Ẹgbẹ́ olórin Federal Rhythm Dandies ni ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ kí ó tó di Aláwàdà. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn pàápàá pààrọ̀ orúkọ: WNTV ti 1959 di NTA. Síbẹ̀, awò ràgàjì kan náà àti ohùn Yorùbá kan náà ni òǹwòran mọ̀. Nígbà tí Bàbá Sàlá kú ní 2018, kò sí ẹni tí ó lè jogún awò náà.

Ti Papa Ajasco yàtọ̀. Inú ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ Ikebe Super, tí Wálé Adénúgà dá sílẹ̀ ní 1976, ni ó ti jáde; ó di fíìmù ní 1984, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. The Ajasco Family di Papa Ajasco and Company. Fẹ́mi Ògúnrọ̀ḿbí sì gba ipò Abíọ́dún Ayọ̀yinká. Bírò ni ó bí ẹ̀dá-ìtàn yìí. Ẹ̀kú ni, ẹni tí ó bá gbé e ni Papa Ajasco. Ṣùgbọ́n bírò lè ya orí pípá, kò lè ya ohùn. Ohùn tirẹ̀ ni òṣèré kọ̀ọ̀kan mú wá.

Nínú Nite of a Thousand Laughs, tí Opa Williams dá sílẹ̀ ní 1995, kò sí ẹ̀dá-ìtàn tí òṣèré kan lè jogún lọ́wọ́ èkejì. Aláwàdà kan wọlé, òmíràn jáde. Orúkọ ètò nìkan ni ó dúró. Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn ni ó sì gba orí ìtàgé jù, kí ọjà lè gbòòrò. Ibí ni àdánù wà. Ẹ̀fẹ̀ tí ó dúró lórí ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò lè wọ inú Píjìn láàyè. Bẹ́ẹ̀, òru Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fi hàn tipẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo lè dúró níwájú ìlú, kí ó fi Yorùbá bá alágbára wí, kí èrò sì rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀kú sílẹ̀, ẹlòmíràn a gbé e. Ipò dúró, èdè dúró.

Ṣómólú àti Bàrígà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni sí i. Ní Ṣómólú, ojúkò àwọn atẹ̀wé Èkó, orúkọ tuntun túmọ̀ sí iṣẹ́ tuntun. Ní Bàrígà, Crown Troupe of Africa ti Ṣẹ́gun Adéfilá fi hàn pé Yorùbá lè bá Píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó lórí ìtàgé kan, láìjẹ́ pé ó dìde fún wọn.

Ìpààrọ̀ orúkọ kì í ṣe ikú eré. Ẹni tí ó bá ń to àkójọ àwọn ètò wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, kí ó sì kọ èdè tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láìsí èyí, ẹ̀kú yóò wà ní ìpamọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò mọ ohùn tí ó fi sọ̀rọ̀.