Ọ̀pá Tó Ń Jó Láìtán

Ọ̀pá èédú tó ń gbé iná mànàmáná wọ inú ìléru àdàlú irin lè fẹ̀ ju mítà kan lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jó lọ díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í paná kí wọ́n tó fi kún un. Òkè ni wọ́n ti ń fi kún un. Wẹ́dà á jó àgbá irin tuntun mọ́ orí ti àtẹ̀yìnwá, wọn á rọ àpòlù èédú àti ọ̀dà sínú rẹ̀. Ooru á kọ́kọ́ yọ́ ọ, lẹ́yìn náà á sè é títí á fi le bí ìkòkò tó jinná. Norway ni Carl Wilhelm Söderberg ti gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọwọ́ tó ń sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ bó ṣe ń jó gan-an ni mo ń kan sárá sí. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Bí wọ́n bá kánjú, ibi tí kò tíì jinná á já, àpòlù rírọ̀ á sì ya sínú ìléru. Wẹ́dà náà sì rèé, iná mànàmáná wà lára irin tó ń jó mọ́ra! Kò gbọdọ̀ fara kan ọ̀pá méjì pọ̀, ilẹ̀ tó dúró lé kò sì gbọdọ̀ gbé iná. Ní tèmi, sùúrù wọn ju ẹ̀rọ náà lọ.