Òrùka Ìfófó Inú Túùbù

Mo kan sáárá sí ìdánwò kékeré kan tí Dókítà John Clements àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní San Francisco lọ́dún 1972. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi tó yí ọmọ inú oyún ká, wọ́n á pò ó mọ́ ethanol nínú túùbù onígíláàsì tó mọ́ tónítóní, wọ́n á mì ín jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n á sì gbé e dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí ìfófó bá ṣì yí ojú omi náà po bí òrùka, ẹ̀rí wà pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ti gbó.

Èròjà ọlọ́ràá tó gbé ìfófó yẹn ró náà ni kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ pọ̀ nígbà tí ọmọ bá mí síta. Iṣẹ́ ìfarabalẹ̀ ni o: bí ẹ̀jẹ̀ bá dà mọ́ omi náà, èsì lè ṣini lọ́nà. Ọmọ ò tíì ké, omi tó ń gbé inú rẹ̀ ti ń jẹ́rìí fún un.